Pápá Ìṣeré Kan ní Kingston, Pápá Ìṣeré Kan ní Sùúrùlérè

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé sójú ewé yìí lórí ọ̀rọ̀ Jàmáíkà, láti ìgbà tí mo ti dárúkọ erékùṣù náà nínú ìdáhùn kan lóṣù tó kọjá. Mo pa wọ́n pọ̀ síbí, nítorí èyí tí mo bá fi dá ẹnì kan lóhùn nínú wọn yóò ran àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bàrígà. Kò sí ọmọ tí mò ń kọ́ tí kò mọ Usain Bolt. Wọ́n mọ bó ṣe máa ń nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ ta ọfà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n dárúkọ ọmọ Nàìjíríà kan tó gba wúrà Òlíḿpíìkì nínú eré sísá, kẹ́kẹ́ á pa. Kí ló dé tí erékùṣù kékeré yẹn fi yọrí tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní oògùn ni, àwọn kan ní iṣu tí wọ́n ń jẹ ni, àwọn kan ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ? *Olùkọ́, Bàrígà.*

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ iṣu sílẹ̀. Iṣu kún Mile 12, a sì ń jẹ ẹ́. Ní ti ẹ̀jẹ̀, láti apá ibí yìí ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, àwa náà à bá ti máa gba wúrà bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ní ti oògùn, wọ́n ti mú àwọn kan nínú wọn. Nítorí oògùn tí wọ́n bá lára Nesta Carter ni wọ́n ṣe gba wúrà Òlíḿpíìkì 4x100 (eré tí ènìyàn mẹ́rin ń sá tẹ̀léra) ti 2008 padà ní 2017 lọ́wọ́ òun, lọ́wọ́ Bolt, àti lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ sá a. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, ẹ má fi pamọ́. Ṣùgbọ́n oògùn 2008 kò lè ṣàlàyé ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1910.

Ní 1910 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ọkùnrin ní Jàmáíkà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje lọ́dọọdún nínú eré sísá àti fífò. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wọn nígbà náà. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1957, wọ́n sì pa méjèèjì pọ̀ ní 1999. Champs ni wọ́n ń pè é. Ṣáájú ọdún Àjíǹde ni wọ́n máa ń ṣe é, ọjọ́ márùn-ún gbáko, ní pápá ìṣeré ìjọba ní Kingston, tí èrò á kún un fọ́fọ́. Ẹ ro ó wò: ọmọ ilé ìwé ló ń sáré o, kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kì í ṣe àwọn tó ń gbowó. Bàbá àgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ láti àádọ́ta ọdún á wọ àwọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, á sì máa ka orúkọ àwọn tó sáré nígbà tirẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni Bolt náà ti jáde. Ilé ẹ̀kọ́ William Knibb ní àgbègbè Trelawny ló sáré fún.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó lókìkí jù nínú ìje yìí ń jẹ́ Calabar. Bẹ́ẹ̀ ni, Calabar tiwa tó wà ní Cross River. Àwọn Onítẹ̀bọmi ló dá ilé ẹ̀kọ́ oníwàásù sílẹ̀ ní Jàmáíkà ní 1843, tí wọ́n sọ ọ́ ní Calabar, nítorí pé wọ́n ń wojú Áfíríkà nígbà náà, wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò rán wá wàásù. Ilé ẹ̀kọ́ girama tẹ̀lé e ní 1912. Herb McKenley jáde níbẹ̀, ó sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba òkìkí kárí ayé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ Bàrígà pé orúkọ ìlú kan nílẹ̀ wa ni wọ́n ń pariwo ní Kingston lọ́dọọdún.

McKenley yìí, òun ló ṣe ipò kejì ní London ní 1948, nígbà tí Arthur Wint sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 46.2. Wúrà Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Jàmáíkà gbà nìyẹn, ó sì ku ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó gba òmìnira. Wint ti wa ọkọ̀ òfurufú ogun fún Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Iṣẹ́ dókítà ló ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tó gba wúrà náà. Nígbà tó yá, ó padà sílé, ó ń tọ́jú aláìsàn ní Linstead, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà oko. Ní Helsinki ní 1952, Wint, Leslie Laing, McKenley àti George Rhoden jọ sá 4x400. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi na Amẹ́ríkà: 3:03.9 sí 3:04.0.

Ẹ di ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn mú, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1962, pápá ìṣeré tuntun ni wọ́n kọ́ fún un ní Kingston. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lóru, tí wọ́n sì gbé tiwọn sókè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní oṣù Kẹjọ 1966, wọ́n gbàlejò eré ìdárayá àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó ti bọ́ lábẹ́ rẹ̀, nínú pápá yìí kan náà. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ni àwọn sójà tún gbàjọba nílẹ̀ yìí, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni eré bẹ̀rẹ̀ ní Kingston. Mo máa ń ro irú ọkàn tí àwọn eléré wa fi dúró sórí ìlà lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú irú ìròyìn tó ń ti ilé bọ̀. Síbẹ̀ Violet Odogwu fò, ó sì gba idẹ nínú fífò jìnnà. Ìwé wo ní ilé ẹ̀kọ́ yín ló ní orúkọ rẹ̀ nínú?

Ní ẹnu ọ̀nà pápá Kingston, ère eléré sísá kan dúró tí Alvin Marriott ṣe. Ère McKenley wà níbẹ̀, ti Don Quarrie wà níbẹ̀, ti Bolt dé ní 2017. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Merlene Ottey. Àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí gbà, fàdákà mẹ́ta, idẹ mẹ́fà, kò sí wúrà kankan nínú rẹ̀. Wọn ò sọ pé kò débi tí wọ́n fẹ́. Ère rẹ̀ dúró pẹ̀lú ti àwọn tó gba wúrà, ọmọdé tó ń lọ sá Champs sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Wàyí o, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ní Sydney ní 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá 4x400 fún wa. Wọ́n parí ní 2:58.68, Jàmáíkà parí ní 2:58.78. Amẹ́ríkà ló ṣe ipò kìn-ín-ní, àwa ṣe ìkejì, Jàmáíkà ìkẹta. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn, wọ́n gba wúrà wọn, wọ́n sì gbé e fún wa ní oṣù Keje 2012. Sunday Bada ti kú ní oṣù Kejìlá 2011. Kò fojú kan wúrà rẹ̀. Ìdáhùn nìyẹn, Olùkọ́, fún ìbéèrè tí àwọn ọmọ yín kò mọ̀: a na Jàmáíkà bí Jàmáíkà ṣe na Amẹ́ríkà ní 1952, pẹ̀lú àlàfo kan náà, nínú eré kan náà. Tiwọn ni wọ́n fi ère rántí. Tiwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ gan-an lẹ ń bi mí léèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kò lówó nínú. Ẹ kó àwọn ọmọ yín wọ ọkọ̀ lọ sí Sùúrùlérè, sí pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ní oṣù Kìíní 1973. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, ní 1977. Inú rẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá góòlù méjì, tí Mudá Lawal fi ọ̀kan kún un, tí a fi na Algeria 3-0 lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta 1980. Ilé wa kò jìnnà sí Barracks nígbà náà. Ariwo góòlù àkọ́kọ́ dé kí àwọn kan tó jókòó sídìí rédíò. Inú rẹ̀ ni Samuel Okwaraji ti ṣubú lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, nígbà tí a ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì dìde mọ́. Ṣé ẹ rí i pé a ní ohun tí Kingston ní? Ayọ̀ wà níbẹ̀, òkú wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jẹ́ kí koríko hù bo pápá náà. Wọ́n ń sáré lórí tiwọn lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí bàbá àgbà fi ríbi jókòó tí yóò ti máa ka orúkọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Akọkà. Mo rí fọ́tò kan tí Bob Marley ti di ọwọ́ olóṣèlú méjì mú pọ̀ sókè orí ara rẹ̀. Wọ́n ní orin ló parí ìjà wọn. Ṣé òótọ́ ni? *Akẹ́kọ̀ọ́, Akọkà.*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, orin kò parí ìjà náà.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1978 ni wọ́n ya fọ́tò yẹn, nínú pápá ìṣeré tí mo ń sọ lókè yìí. Ẹni tó wà lápá kan ni Michael Manley, olórí ìjọba. Ẹni kejì ni Edward Seaga, olórí ẹgbẹ́ alátakò. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti pẹ́. Ìrúkèrúdò àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké ní 1938 ló bí wọn, ìbátan sì ni àwọn tó dá wọn sílẹ̀: Alexander Bustamante àti Norman Manley, bàbá Michael. Ẹbí kan náà ló pín sí méjì. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún àwọn tó ń dìbò fún wọn ní ìwọ̀-oòrùn Kingston. Tivoli Gardens di ti ẹgbẹ́ Seaga, Arnett Gardens di ti ẹgbẹ́ Manley, ẹni tó bá gbé ní ọ̀kan kò lè rìn gba ìkejì kọjá. Ìbọn dé. Ní 1976 ìjọba kéde pé ìlú ò fara rọ. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn agbébọn wọ ilé Marley ní Hope Road, wọ́n yìnbọn lu òun, ìyàwó rẹ̀ àti alábòójútó rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó gun orí ìtàgé ó kọrin.

Àwọn ọ̀gá ọmọọ̀ta ẹgbẹ́ méjèèjì, Claudie Massop àti Bucky Marshall, ni wọ́n jọ pète agbo orin ti 1978. Ní 1979 ọlọ́pàá yìnbọn pa Massop. Ní 1980 wọ́n pa Marshall ní New York. Peter Tosh náà kọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dá orin dúró, ó sì bá olórí ìjọba àti alátakò wí lójúkojú níwájú gbogbo èrò. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978 náà, ọlọ́pàá mú un, wọ́n lù ú lálùbami. Ọdún ìdìbò 1980 ló wá burú jù: ó lé ní 800 ènìyàn tí wọ́n pa. Seaga wọlé pẹ̀lú ìjókòó 51 nínú 60. Manley padà sórí oyè ní 1989. Ní oṣù Karùn-ún 2010, nígbà tí sójà àti ọlọ́pàá wọ Tivoli láti mú ọkùnrin kan tí Amẹ́ríkà ń wá, ó lé ní 70 ènìyàn tó kú.

Nítorí náà má fi fọ́tò yẹn kọ ìwé rẹ bí ẹni pé àlàáfíà ló wà nínú rẹ̀. Wo ojú àwọn ọkùnrin méjèèjì dáadáa. Kò sí èyí tó fẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ni pé olórin kan lè pe olórí ìjọba àti alátakò síta níwájú mẹ̀kúnnù, kí wọ́n sì dáhùn. Bi àwọn àgbà Muṣin léèrè nípa wẹ́ẹ́tìẹ̀ 1965, nígbà tí wọ́n ń dáná sun ènìyàn àti ilé nítorí òṣèlú. Kò sí ẹni tó pe àwọn tiwa síta.

Ohun kan wà tí ìwọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1865, Paul Bogle, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, kó àwọn tálákà lọ sí ilé ẹjọ́ Morant Bay láti fẹ̀hónú hàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa ó lé ní 400 ènìyàn lẹ́yìn náà, wọ́n sì so Bogle rọ̀. Ọ̀daràn ni ìwé ìjọba pè é. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ère rẹ̀ dúró níwájú ilé ẹjọ́ yẹn kan náà; Edna Manley, ìyàwó Norman, ló ṣe é. Lónìí Bogle wà lára akọni méje tí orílẹ̀-èdè náà yàn, pẹ̀lú Nanny, obìnrin tó ṣáájú àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú lọ sórí òkè, àti Marcus Garvey, tó kó àwọn ènìyàn dúdú káàkiri ayé jọ sínú ẹgbẹ́ kan, tó kú sí London ní 1940 tí wọ́n lọ gbé òkú rẹ̀ wálé ní 1964. Pápá eré ẹṣin ni ibi tí wọ́n sin Garvey sí tẹ́lẹ̀ rí. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an: ibi tí àwọn ọlọ́lá ti ń fi ẹṣin ta tẹ́tẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n gbé àwọn akọni wọn sí.

Ìbéèrè: Ẹ kú ojú ewé yìí o, ẹ̀gbọ́n wa. Olówógbówó ni ilé bàbá mi. Ó máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ará Jàmáíkà kan ló sọ búrẹ́dì di nǹkan ńlá ní Èkó. Àwọn ọmọ mi ní àlọ́ ni. Ẹ bá mi dá sí i. *Ìyá ọlọ́mọ, Olówógbówó.*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bàbá yín kò pa àlọ́. Amos Shackleford ni orúkọ ọkùnrin náà. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló gbé e wá sí Èkó ní 1913. Ní 1921 òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì yíyan ní Èbúté Mẹ́ta. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ yan búrẹ́dì ní Èkó, ṣùgbọ́n òun ló mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun pípò wọ ilẹ̀ yìí, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì Agége ṣì ń lò, tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wọn ki, kó sì fà. Ó wà lára àwọn tó ṣáájú ẹgbẹ́ Garvey nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1920. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Lóókò, nínú ọgbà rélùwéè. Nínú ilé wa, orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n fi ń pe búrẹ́dì tí wọ́n bá rà wálé.

Kì í sì í ṣe òun ni ará Jàmáíkà àkọ́kọ́ tó ṣe nǹkan pàtàkì níbí. Robert Campbell ti dé Abẹ́òkúta ní 1859. Ó padà wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó, ó sì gbé ìwé ìròyìn *Anglo-African* jáde níbẹ̀ ní 1863.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará Olówógbówó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ̀ pé Sàró ló tẹ àdúgbò yín dó: àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown, tí wọ́n sì padà wálé. Gbogbo wọn kọ́ ló padà. Láti àwọn ọdún 1840 lọ, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko ní Jàmáíkà àti Trinidad, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti dópin níbẹ̀. Ọmọ ìyá méjì lè ti inú ọkọ̀ kan náà jáde, kí ọ̀kan dé Olówógbówó, kí ìkejì dé àgbègbè Westmoreland ní Jàmáíkà. Abúlé kan wà ní Westmoreland títí dòní tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Ní àgbègbè Hanover tó múlé gbè é, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Ettu, tí wọ́n máa ń lu ìlù, tí wọ́n ń jó fún àwọn òkú wọn, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì wà nínú orin wọn.

Ẹ ka ibí yìí sétí àwọn ọmọ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń bẹ gbogbo ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ gbé ní Èbúté Mẹ́ta, Ọ̀yìngbò tàbí Yábà láyé ìgbà náà: bí ẹ bá ní fọ́tò, ìwé owó tàbí ohunkóhun tó ti ilé búrẹ́dì Shackleford wá, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú ewé yìí, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àdúgbò àti ọdún tẹ́ ẹ bá mọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. A ó tẹ̀ wọ́n jáde bí wọ́n bá ṣe ń dé.